Ohun Tó Wà Láàárín Ìbéèrè Olùkọ́ àti Ìdáhùn Ọmọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, mo kí yín o. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ń múra TP, ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ nínú kíláàsì, lọ́wọ́, iṣẹ́ ìwádìí tí ẹ ó fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ NCE sì ti wà lọ́kàn yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó: ẹ dín ìwé ìbéèrè tí ẹ ń pín fún olùkọ́ kù. Bí ẹ bá bi olùkọ́ léèrè bóyá ó máa ń fún ọmọ láyè láti sọ̀rọ̀, èwo ni yóò kọ "rárá" sílẹ̀ níbẹ̀? Ohun tó gbà pé ó yẹ kí òun máa ṣe ni yóò kọ fún yín. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin fúnra yín wà nínú kíláàsì náà láàárọ̀ lọ́sàn-án.

Ẹ wo ìṣirò àyọkúrò ní Pírámárì 3. Olùkọ́ kọ 42 − 17 sójú pátákó, ó ṣe é tán, ó ní, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì hó yéè: "Ó yé wa, mà!" Ó bọ́ sórí òmíràn. Ẹni tó bá gba àárín bẹ́ǹṣì kọjá, tó yọjú wo ìwé wọn, kò ní pẹ́ rí 35 dípò 25. Kì í ṣe pé ọmọ náà ń ṣeré. Ó rí i pé 2 kò gba 7, ló bá yọ 2 kúrò nínú 7, ó ku 5. Ó yọ 1 kúrò nínú 4, ó ku 3. Ó ní òfin tirẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀. Ariwo "ó yé wa" ló bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá kó irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ jọ, tí ẹ ní kí ọmọ ṣàlàyé bó ṣe ṣe é, tí ẹ fi igi tí a dì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá tún un kọ́, tí ẹ sì padà yẹ ìwé wọn wò lọ́sẹ̀ kejì, ìwádìí gidi lẹ ṣe yẹn.

Ẹ tún wọn ìdákẹ́jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́, rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ni olùkọ́ ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n dúró tó 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í lahùn náà sì dá sí i. Fóònù yín tó o wọ̀n. Èmi ìbá fẹ́ kí ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí a fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí a fi Yorùbá béèrè.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ní ìtàn nílẹ̀ wa. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì kan fún odindi ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Inú kíláàsì ni ẹ̀rí yẹn ti wá, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́.

Àlejò lẹ jẹ́ níbẹ̀ o. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé, ẹ má kọ orúkọ ọmọ kankan sílẹ̀. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí alámòójútó yín, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ fún olùkọ́ kíláàsì, torí ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ náà yóò wà nígbà tí ẹ bá lọ tán.