A Ti Bodè, A Gbàgbé Igbó

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ènìyàn sọ níbi ìjíròrò kan nílùú Ìbàdàn nìyí. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí kò sí níbẹ̀, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí i.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fi ọjà àti ìwé sílẹ̀ wá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn àjèjì tó ń gba ẹ̀bùrú wọ̀lú, àti bí a ṣe lè ṣọ́ ẹnubodè wa. Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù wà nínú ìpè yín. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Òkè-Ògùn, ní Ṣakí, Ìgbòho tàbí Ìwéré-Ilé, mọ ohun tí wọ́n ń sọ lórí fóònù lálẹ́: àwọn ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, nínú igbó tí ọdẹ ìlú kò lè dá wọ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn, n kò sì wá fi í ṣẹ̀sín. Ohun tí mo wá bá yín jiyàn lé lórí ni ohun tí a máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá ti bà wá. Ìjọba a ti bodè, àwa náà a pàtẹ́wọ́. Bodè tí wọ́n sì ń tì yìí, ibi tí ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ń gbà ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìlà náà. Oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ní Paris pé ibi báyìí ni tìrẹ, ibi báyìí ni tèmi. Ní 1898 wọ́n fa ìlà náà gòkè títí dé odò Ọya. Kétu àti Sábẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ti Alákétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò bi Alákétu léèrè. Ká tilẹ̀ ní wọ́n fẹ́ bi í, kò sí lórí ìtẹ́, nítorí ogun Dàhòmì ti tú Kétu ní 1886, ìlú ṣì wà ní ahoro.

Ìlà náà kò tíì pẹ́ tí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá gba orí rẹ̀ kọjá. Faransé ń kó ènìyàn ṣiṣẹ́ tipátipá, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní sì dé, wọ́n ń mú ọ̀dọ́kùnrin lọ ṣe sójà. Àwọn Ọ̀họ̀rí, Yorùbá tó wà lábẹ́ Faransé, ṣọ̀tẹ̀. Àwọn mìíràn láti agbègbè Kétu kó ẹrù wọn lóru, wọ́n sọdá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ tó di òpìtàn ní Yunifásítì Èkó, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé ìtàn yìí. Lójú Faransé, arúfin tó sá fún ìjọba ni wọ́n. Lójú ará Ìmẹ̀kọ, ọmọ ìyá ẹni ló dé, kí wọ́n wá ibi tí yóò sùn sí fún un.

Ọ̀nà kan náà tún wúlò ní 1994, àmọ́ ìhà kejì ni wọ́n kọjú sí. Abacha ń lépa àwọn tó takò ó, Wọlé Ṣóyínká sì fi alùpùpù gba inú igbó jáde sí orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn mìíràn tún gba ibẹ̀ títí tí a fi ń pè é ní ọ̀nà NADECO, orúkọ ẹgbẹ́ tó ń bá Abacha jà fún ìjọba tiwantiwa. Bí a bá fi òfin wò ó, kò yàtọ̀ sí ohun tí a ń bínú sí lónìí. Síbẹ̀, n kò rò pé ẹnì kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tó máa pè é ní ọ̀daràn.

Àwa Yorùbá tún mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n pe ènìyàn ní àjèjì tí kò níwèé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó máa lọ. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Èjìgbò àti Ṣakí ti wà ní Accra, Kumasi àti Tamale tipẹ́, àwọn kan ti di bàbá àgbà síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé, Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń ṣe ìjọba lé Gánà àti Nàìjíríà lórí. Ta ni ì bá bi wọ́n ní ìwé? Wọ́n sọ ọjà di àtàpa, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n padà wálé sí ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn kò rí rí.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, àwa náà ṣe é fún wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lábẹ́ Shehu Shagari, fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì, iye ọjọ́ kan náà gẹ́lẹ́ tí Busia fún wa. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìdìbò ń bọ̀ lọ́dún yẹn, rògbòdìyàn àwọn ọmọlẹ́yìn Maitatsine, oníwàásù kan, ní Kano ní 1980 sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àjèjì ló ń da ìlú rú. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà ló wà nínú àwọn tí wọ́n lé. Gánà fúnra rẹ̀ ti ti bodè láti 1982, ni Tógò àti Benin bá ti tiwọn, kí èrò má baà há mọ́ wọn lọ́wọ́. Èrò wá ń sùn síta ní Sèmè àti Kútọnu títí Gánà fi ṣílẹ̀kùn nígbà tí oṣù ń parí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé ẹ̀kọ́ girama láyé ìjọba Bọ́lá Ìgè, ẹ ó rántí tíṣà ará Gánà tó ń kọ́ yín ní ìṣirò. Ìjọba ní kí àwọn tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ dúró, àmọ́ ta ni ọkàn rẹ̀ máa balẹ̀ láti dúró? Ní oṣù Keje 2025, àwọn kan tún jáde ní ìgboro Accra, wọ́n ní kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ẹ kò gbọ́ pé ó parí.

Mo ti wá dé ibi tí ìjiyàn wà. Mo gbà pé ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti ti bodè, mo sì gbà pé ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Ó ṣiṣẹ́ ní 2003. Àwọn adigunjalè ń já mọ́tò gbà ní Èkó àti káàkiri ìhín, wọ́n ń kó o sọdá sí Benin, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hamani Tidjani ló sì ń ṣe agbátẹrù wọn láti Kútọnu. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Ọbásanjọ́ ti bodè. Ohun tó bèèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ mú ọkùnrin yìí wá. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Kérékou, ààrẹ Benin, fi wá jókòó pẹ̀lú rẹ̀ ní Àgbádárìgì, wọ́n ṣí bodè, Tidjani sì dé ọwọ́ Nàìjíríà.

Ẹ wá fi wé ti 2019. Ní oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba Buhari ti gbogbo bodè orí ilẹ̀ nítorí ìrẹsì, nítorí ìbọn, nítorí epo bẹntiróòlù, nítorí ajínigbé, nítorí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i; Ìdíìrókò tiẹ̀ dúró di oṣù Kẹrin 2022. Ọ̀wọ́n gógó ọjà jẹ́ ìdá 11.02 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù tí wọ́n tì í, ó di 15.75 ní oṣù tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí mẹ́rin nínú wọn. Kì í ṣe bodè nìkan ló fà á, Kòrónà àti ọ̀rọ̀ dọ́là wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ààbò ńkọ́? Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 2020, bodè ṣì wà ní títì gbọin, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá sí Ìbàdàn yìí láti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò tiwọn. Bí títì bodè bá dá àwọn apààyàn dúró, kí ni a ń wá ọdẹ sí?

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e sókè. Ní oṣù Kọkànlá 2019, àṣẹ jáde pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbé epo lọ sí iléepo kankan tó wà láàárín 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Ẹ ro ohun tí èyí jẹ́ fún ará Ìmẹ̀kọ tàbí Ìdíìrókò. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó ń dìbò, àmọ́ ìjọba ti kà á mọ́ onífàyàwọ́ nítorí ibi tí wọ́n bí i sí. Kó rí epo fi lọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, kó tan jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn, ó di kó lọ rà á lọ́nà jíjìn, kó sì gbé e wálé nínú kẹ́ẹ̀gì bí olè. Bẹ́ẹ̀ ẹni yìí gan-an ni ojú tí ìjọba ní ní bodè. Òun ló mọ ipa ẹsẹ̀ tó jẹ́ ti àgbẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe ti àgbẹ̀. Ẹni tí o pè ní olè láàárọ̀ kì í wá ta ọ́ lólobó lálẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ní 2003 yẹn kan náà, wọ́n gba àwọn ọmọdé tó lé ní 200 sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nítòsí Abẹ́òkúta, wọ́n dá wọn padà sí Benin. Agbègbè Zakpota ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kọjá lójú ẹnì kan. Irú èyí ni mo fẹ́ kí aṣọ́bodè máa wá, kì í ṣe ìyá tó gbé àpò ìrẹsì kan lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Pọ́bẹ̀ lórílẹ̀-èdè Benin.

Nígbà ìbéèrè, ìyá kan bi mí bóyá arúfin ni ará Tógò tó ń bá òun lẹ táìsì ilé òun. Mo ní: “Ìyá, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀.” Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ìlú ara wọn láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́, bí ó bá ní ìwé ìrìnnà tó péye. Bí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ gba ìwé ìgbélùú lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n. Ìyá náà ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti wà ní Ìwó Road. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ní kó mú un lọ gba ìwé kó tó parí ilé ìdáná. Bákan náà ni àwọn ọmọ Èjìgbò tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ Àbíjàn ṣe nílò rẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo bodè láti Sèmè títí dé Elubo, níbi tí Gánà ti bá Ivory Coast pààlà, ni wọ́n ti ń bọ owó sílẹ̀, ìwé péye tàbí kò péye.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ́bodè ni kò gbà fún mi rárá. Mo ti dá a lábàá pé kí baálẹ̀ àti ọdẹ ní àwọn ìlú bodè, bí Òkèrétè lápá Ṣakí, máa ní ìwé àkọsílẹ̀ àlejò, kí àwọn baálẹ̀ tòdìkejì náà ní tiwọn, kí wọ́n máa pàdé lóṣooṣù, kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì máa san owó wọn. Bàbá dìde, ó ní: “Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Baálẹ̀ tí ẹ ń wí yẹn, èmi mọ iye tí onífàyàwọ́ ń fún un lọ́sẹ̀.” Mo ní òótọ́ ni ẹ sọ, bàbá, àwọn kan ń gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀gá aṣọ́bodè náà ń gbà á, wọ́n sì máa ń gbé e lọ síbòmíràn kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Baálẹ̀ kò ní ibi tó ń lọ. Bí àwọn ajínigbé bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, ọmọ tirẹ̀ ló wà lóko. Bàbá ní òun kò tíì gbà, àmọ́ kí n kọ ti owó oṣù wọn sílẹ̀, kí n sì kọ ẹni tí yóò máa yẹ ìwé àkọsílẹ̀ náà wò. Ti ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò yìí, a jiyàn rẹ̀ títí wọ́n fi wá ní àwọn fẹ́ ti gbọ̀ngàn.