Ta Ló Di Fader Mú?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará sítúdíò. Ibi tó ń dùn mí jù ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti kọ automation, ìlà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ohùn ṣe máa lọ sókè-sódò, sí ohùn olórin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olórin wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn mi sókè díẹ̀." Ẹ gbé fader (bọ́tìnì tí à ń fà láti mú ohùn lọ sókè tàbí sílẹ̀) sókè, ẹ tẹ play, fader sáré padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kò gbọ́ tiyín mọ́, ìlà tí ẹ fà ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Iṣẹ́ méjì ni àwọn tó ṣe sọ́fítíwià orin dì lé fader kan ṣoṣo lórí. Ọ̀kan ni bó ṣe yẹ kí ohùn ga tó láàrin ìlù àti gìtá. Èkejì ni ìrìn rẹ̀, bó ṣe ń rọlẹ̀ tó sì ń gòkè níbi ègbè. Kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ látilẹ̀ wá! Pro Tools àti Logic, àwọn sọ́fítíwià ìgbohùnsílẹ̀, ní trim, tó ń gbé gbogbo ìlà náà sókè tàbí sódò láì yí ìrìn rẹ̀ padà. Àwọn tó ń lo Ableton Live, sọ́fítíwià mìíràn, a máa fi Utility, irinṣẹ́ kékeré inú rẹ̀, sórí track (ọ̀nà tí ohùn kan ń gbà), wọ́n á kọ automation sí gain (agbára ohùn) rẹ̀, kí fader lè ráyè. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá kò mọ̀ ọ́n. Àwọn kan á ní kó lọ ka ìwé ìtọ́nisọ́nà. Mi ò gbà. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe lójoojúmọ́ kò yẹ kó fara pamọ́.

Live ṣe dáadáa níbì kan ṣá: bí ẹ bá fọwọ́ yí ohun tó ní automation, bọ́tìnì kan á tan, ẹ ó mọ̀ pé ọwọ́ yín ti gbà á lọ́wọ́ ìlà.

Ẹ wá wo FL Studio, sọ́fítíwià tí ọ̀pọ̀ wa fi ń jẹun. Ẹ ṣe automation clip fún fader mixer. 0 dB (dB ni ìwọ̀n ohùn; ní 0, fader kò fi kún ohùn, kò sì dín in kù) kì í ṣe òkè ìlà náà, ìdá 80 nínú 100 ló wà. Òkè pátápátá jẹ́ +5.6 dB. Ẹni tó fa àmì dókè, tó rò pé òun dá ohùn padà sípò, ti sọ ọ́ di ariwo. Kí wọ́n kọ dB sára ìlà náà gan-an.

Aago ti ń lé wa. Touch àti latch, ọ̀nà méjì láti fi ọwọ́ kọ automation bí orin ṣe ń lọ: touch á padà sí ìlà àtijọ́ tí ẹ bá jọ̀wọ́ fader, latch á dúró síbi tí ẹ fi í sí. Ó tán.

Alùgángan kan béèrè láti ẹ̀yìn pé: "Ọ̀gá, gángan tí mo fi kíbọọ̀dù lù, kí ló dé tí kò lè sọ̀rọ̀?"

Ìbéèrè yìí ju gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ. MIDI ti 1983, èdè tí kíbọọ̀dù fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, fún controller lásán (bọ́tìnì tó ń yí ohùn padà) ní ipò 128 péré. Tí ẹ bá fi ṣe ìyọ́sókè-sódò tó gba semitone 24 (semitone ni àlàfo láàrin kọ́kọ́rọ́ kíbọọ̀dù kan àti èyí tó tẹ̀lé e), semitone kan kò ní ju ìṣísẹ̀ bíi márùn-ún lọ. Etí á gbọ́ àtẹ̀gùn níbi tó yẹ kí ohùn ti yọ́. Pitch bend, kẹ̀kẹ́ tó ń yọ́ ohùn sókè-sódò, ní ipò 16,384, ìyẹn tó, ṣùgbọ́n semitone méjì sókè, méjì sódò, ni ọ̀pọ̀ plugin (ohun èlò orin inú kọ̀ǹpútà) máa ń fún un. Gángan kò lè sọ̀rọ̀ nínú ààyè yẹn. Ẹ yí i sí semitone 12 sókè, 12 sódò. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi mouse to àmì. Ẹ fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ pitch bend bí ìlù ṣe ń lọ, kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀. Tó bá kù díẹ̀ káàtó, apá tó bàjẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ tún fi ọwọ́ ṣe.