Nígbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Dì Nínú Ọpọlọ Ọmọdé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́. Tí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ á ní ayé ló ṣe é. Dókítà á kọ́kọ́ wò ó bóyá SS ni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Tí kì í bá ṣe SS ńkọ́?

Àìsàn ìdílé kan wà tó ń jẹ́ homocystinuria. Lọ́dún 1962 ni àwọn oníṣègùn ní Belfast ní Àríwá Ireland àti ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀.

Èròjà kan tó ń jẹ́ methionine wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà. Bí ara bá ń lò ó, ó máa ń di homocysteine, énsáìmù kan (èròjà tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá) tí wọ́n ń pè ní CBS á sì sọ ìyẹn di nǹkan mìíràn. Lára àwọn ọmọ tó ní homocystinuria, CBS ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Homocysteine á wá kún inú ẹ̀jẹ̀: èyí tí kì í sábà kọjá 15 µmol/L (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀) lára wa lè lé ní 100 lára wọn. Á máa ba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì dì. Tó bá dì nínú ọpọlọ, orí á máa fọ́ ọmọ, á máa bì, giri lè mú un, apá àti ẹsẹ̀ kan lè rọ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ti fi hàn ṣáájú. Awò inú ẹyinjú á yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, ọmọ ò ní rí ọ̀ọ́kán dáadáa, gíláàsì rẹ̀ á máa nípọn sí i. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ìwé lè má tètè yé e. Ohun tó dùn mí jù nìyí: wọ́n á fún ọmọ ní gíláàsì, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ìdí.

Bí AS méjì ṣe ń bí SS ni àwọn òbí ṣe ń bí i, láìmọ̀ pé àwọn gbé e sára. Ní Qatar, ó tó ọmọ kan nínú nǹkan bí 1,800. Níbòmíràn, ó ṣọ̀wọ́n gan-an.

Ìtọ́jú wà. Fítámì B6 ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìdajì wọn. Àwọn yòókù á dín oúnjẹ tí methionine pọ̀ nínú rẹ̀ kù, wọ́n á sì máa lo oògùn betaine.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra B6 fúnra yín, torí ó lè bo àìsàn náà mọ́ dókítà lójú. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ homocysteine inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò.