Bí Àrokò Ìwọlé Kò Bá Jẹ́ Ńkọ́?

Mo kí yín o, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, àti ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wá jókòó lẹ́yìn kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí àwọn ọmọ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe.

Gbogbo wa la mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Ètò ìwọlé táwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní SSO (Single Sign-On, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan fún ibi púpọ̀) kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ibodè. Ibì kan ló mọ ènìyàn, àwọn ibi yòókù á sì gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́. Ẹ tẹ "Fi Google wọlé", Google, tó jẹ́ oníbodè níbí, á wádìí yín, á sì fi àrokò rán áàpù pé: mo mọ ẹni yìí. OpenID Connect, ìlànà tó jáde ní 2014, ni ọ̀pọ̀ ń lò fún un. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ṣì ń lo SAML 2.0, ìlànà mìíràn fún iṣẹ́ kan náà, ti 2005.

Tí àrokò bá jẹ́, kò sí wàhálà. Tí kò bá jẹ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí mò ń rí jù ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dáhùn gbogbo rẹ̀: "Erreur. Réessayez." (Àṣìṣe. Ẹ tún un gbìyànjú.) Ẹni tó tẹ "Rárá" fúnra rẹ̀ nígbà tí Google béèrè àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kóòdù access_denied (a kò gbà á láyè) ni yóò mú bọ̀. Kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ọ̀nà mìíràn hàn án jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ temporarily_unavailable (kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó fúngbà díẹ̀), ọ̀dọ̀ oníbodè ni wàhálà wà. Ẹ ní kó dúró díẹ̀. Ẹ má ní kó yí mot de passe (ọ̀rọ̀ ìwọlé) padà. Mo mọ ẹnì kan tó yí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ti aago náà tún wà. Àrokò SAML ní ìgbà tí agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó tán. Bí aago sáfà yín, kọ̀ǹpútà tó gbé áàpù dúró, bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́ra, àrokò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lè dà bí èyí tí àkókò rẹ̀ kò tí ì tó. Ẹ jẹ́ kí NTP, ètò tó ń mú aago kọ̀ǹpútà bá àkókò mu láti orí ìkànnì, máa tún aago ṣe.

Èyí tó burú jù ni lọ-bọ̀. Áàpù kò gba àrokò, ó tún lé ènìyàn padà sọ́dọ̀ Google. Google ti mọ̀ ọ́n, ó dá a padà lójú ẹsẹ̀. Áàpù tún kọ̀ ọ́. Dátà tó fowó rà ń jó lọ. Kúkì, àmì kékeré tí bùráúsà ń tọ́jú fún áàpù, ló sábà ń fà á: pẹ̀lú POST (ọ̀nà tí bùráúsà ń gbà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́) ni èsì SAML sábà máa ń ti ojúlé mìíràn wá, kúkì tí ẹ fi SameSite=Lax (òfin tó ń dín ìgbà tí kúkì ń tẹ̀ lé ohun tó ti ojúlé mìíràn wá) dè kì í sì í bá a wọlé, áàpù kò sì ní rántí ẹni tó rán lọ. Tó bá ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú fọ́ọ̀mù tó ń kọ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá kan nawọ́ sókè: "Ọmọ mi, bí oníbodè gan-an bá kú ńkọ́?" Mo ní ká fi líǹkì ìwọlé ránṣẹ́ sí email tó ti fìdí múlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Tí email náà bá jẹ́ ti Google?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, fóònù ló kù yẹn."