Ṣẹ́ẹ̀kì Méjì, Ọ̀gá Kan Ṣoṣo

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi, níbikíbi tí ẹ bá ti ń gbọ́ ohùn mi. Ọ̀rọ̀ overtime, ìyẹn owó àfikún fún wákàtí iṣẹ́ tó lé, ni mo gbé wá, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń ká mi lára.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Houston níbí ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́. Yorùbá bíi tèmi ló ni ín, ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é. Lọ́sẹ̀ tí mo bá ṣiṣẹ́ wákàtí 72, ṣẹ́ẹ̀kì méjì ni ẹ̀gbọ́n máa ń kọ fún mi: wákàtí 40 lórí ọ̀kan, 32 lórí èkejì. Orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lórí wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ló buwọ́ lu méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ìyá arúgbó kan náà ni mò ń wẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kan náà ni mò ń tẹ́, kọ́kọ́rọ́ kan náà ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn.

Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1938 ló sọ pé wákàtí tó bá lé lórí 40 lọ́sẹ̀, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po kan àtààbọ̀. Dọ́là 14 ni mò ń gbà ní wákàtí kan; 21 ló yẹ kí wákàtí 32 yẹn jẹ́. Dọ́là 224 ló ń wọlé sápò ẹlòmíì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Orúkọ méjì kò sì yí nǹkan kan padà: bó bá jẹ́ pé ọ̀gá kan náà ló ni méjèèjì, tó sì ń darí wọn, àròpọ̀ wákàtí ni òfin máa wò.

Àwọn tó ń lọ tọ́jú èèyàn nínú ilé onílé, ìyà tiwọn tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Evelyn Coke, ọmọ Jàmáíkà tó ṣe iṣẹ́ náà ní New York, gbé ẹjọ́ owó overtime rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, ó sì pàdánù ní 2007. Ó kú ní 2009. Ọdún 2015 ni ìlànà tuntun tó fún irú wọn ní overtime tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìjọba sì tún ti dábàá ní 2025 pé kí wọ́n fagi lé e. Ó dùn mí gan-an.

Nígbà tí mo béèrè, ẹ̀gbọ́n ní, "Ta ló gbà ọ́ níṣẹ́ nígbà tí o dé? Ṣé o wá fẹ́ fi òyìnbó mú mi ni?" Òótọ́ ni, òun ló gbà mí, mo sì ń dúpẹ́ di òní. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kì í san owó ilé. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Èmi ò gbà. Gbèsè ni, ẹni tó jẹ ẹ́ ló yẹ kó san án.

Mo ti ń kọ wákàtí tí mo wọlé àti èyí tí mo jáde sínú ìwé kékeré kan. Ọ̀gá ni òfin ní kó tọ́jú àkọsílẹ̀ wákàtí; bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí. Nígbà tí mo tẹ́ ìwé náà síwájú ẹ̀gbọ́n, tí mo dárúkọ Wage and Hour Division, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí owó iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìwé ìgbélùú yín kò tíì pé, òfin yìí kàn yín náà. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ lé yín lẹ́nu iṣẹ́ torí pé ẹ fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n ọdún 2 sẹ́yìn péré lẹ lè gbowó rẹ̀ padà, 3 bó bá jẹ́ pé ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi dákẹ́, owó ọ̀sẹ̀ kan ń bọ́ lọ lẹ́yìn. Ẹ ya fọ́tò àwọn ṣẹ́ẹ̀kì yẹn lónìí.