Ìdánwò Lọ́yà ti New York: Ọjọ́rú Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ti Kétu àti Ṣábẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ mí lẹ́nu lórí ìdánwò lọ́yà ti New York, ẹ sún mọ́ fóònù yín. Mi ò ní sọ̀rọ̀ físà o, ìyẹn ò ṣàjèjì sí yín.

Ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú: ọjọ́ ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni lọ́dún, oṣù kejì àti oṣù keje. Ọjọ́ méjì ni, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ó rọrùn, àbí? Kíá lẹ ti ṣí kàlẹ́ńdà, ẹ ti ń wá Ìṣẹ́gun tó gbẹ̀yìn oṣù. RÁRÁ! Ọjọ́rú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá! Ọjọ́rú tó gbẹ̀yìn oṣù, Àlàrùbá tí àwọn ìyá wa ń wí. Ẹ dì í mú, kí ẹ tó padà sẹ́yìn ní ọjọ́ kan. Ìṣẹ́gun tó ṣáájú rẹ̀ ni ìdánwò ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọdún 2018. Ọjọ́ 31 oṣù keje bọ́ sí Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá ti Ìṣẹ́gun kà á, 31 ló máa mú. Bẹ́ẹ̀ Ọjọ́rú tó gbẹ̀yìn oṣù náà, 25 ni. Wọ́n ti ṣe ìdánwò tán ní 24 àti 25! Èmi tí mò ń pariwo yìí ni mo ka ọjọ́ ọ̀hún fún àbúrò mi, mo fi báírò pupa yí 31 po. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Títí dòní, tí mo bá ti dá ọjọ́ kankan nínú ilé, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

Ẹ lọ wo ìyá tó ń ná ọjà Àjàrà. Ọrọọrún ni ọjà yẹn, kò bá ọ̀sẹ̀ òyìnbó rìn. Ìyá ò ní bèèrè pé ọjọ́ kẹlòó oṣù la wà. Ọjà tó ná kẹ́yìn ló ti ń kà, kì í sì í ṣì í. Ọjọ́rú yẹn ni ọjà tiyín. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa kà!

Ó yá, ká sáré. Ìṣẹ́gun, ẹ ó kọ̀wé: ìbéèrè mẹ́fà tí ẹ ó fi àròkọ dáhùn, MEE ni wọ́n ń pè é, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti iṣẹ́ lọ́yà àfidánrawò méjì tí wọ́n ń pè ní MPT, wákàtí kan ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. MPT yìí wù mí. Wọ́n á kó ìwé ẹjọ́ oníbàárà kan fún yín, wọ́n á kó òfin tí ẹ máa lò tì í, ẹ ó wá kọ lẹ́tà tàbí àbá bíi lọ́yà tó ti wà ní ọ́fíìsì. Ẹ ò nílò àkọ́sórí.

Ọjọ́rú ni MBE, apá tí ẹ ti máa ń mú ìdáhùn: igba ìbéèrè, ọgọ́rùn-ún láàárọ̀, ọgọ́rùn-ún lọ́sàn-án, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ọ̀kan. Ẹ bá mi ṣírò: ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 48 péré lẹ ní fún ìbéèrè kan! Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú igba yẹn ò sí nínú máàkì, àmọ́ wọn ò ní sọ èyí tó jẹ́. Ẹ MÁ FI ÌKANKAN SÍLẸ̀ LÓFÌFO! Wọn kì í yọ máàkì torí pé ẹ ṣì í. Tí wọ́n bá pa máàkì ọjọ́ méjèèjì pọ̀, nínú 400, New York ń fẹ́ 266.

Ẹ̀yin tí ẹ ka òfin ní Yunifásítì Abomey-Calavi nílẹ̀ Benin wa, òfin tí Faransé fi sílẹ̀ fún wa, ẹ ní láti gba LL.M., oyè másítà nínú òfin, ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ jókòó. Àwọn ará wa ní Èkó lè má nílò rẹ̀, torí òfin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kà, tí ọdún ẹ̀kọ́ wọn bá ti pé. Ó dùn mí, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Láti oṣù keje 2028, ìdánwò lọ́yà tuntun tí wọ́n ń pè ní NextGen ni New York máa lò, wákàtí mẹ́sàn-án láàárín ọjọ́ kan ààbọ̀. Màá ṣe fídíò tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Iṣẹ́ yín rèé. Ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù kejì bọ́ sí Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ wo ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ 28, màá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó àbúrò mi.