Owó Ìtọ́jú Ọmọ Lẹ́yìn Tí Tọkọtaya Bá Túká: Ta Ló Ń San Án, Èló Ni, Níbo La Sì Ti Ń Gbà Á?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti ẹni tó jẹ̀bi nígbà tí ilé dàrú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ẹbí, wọ́n kúkú ti ń bá a lọ. Owó la fẹ́ sọ: owó oúnjẹ, owó iléèwé, owó bàtà, owó oògùn, lẹ́yìn tí bàbá ti kó lọ sí Ìkòròdú tí ìyá sì ti padà sí Agége. Òfin Nàìjíríà la máa tẹ̀ lé, pàápàá bó ṣe rí l'Ékòó àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ta ló ni owó náà ná? Ọ̀pọ̀ bàbá ló máa ń búra pé, "Obìnrin yẹn ò ní í jẹ kọ́bọ̀ mi mọ́!" Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ fún obìnrin, bàbá mi. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 là á mọ́lẹ̀ ní abala 14: ọmọ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, bí agbára wọn bá ṣe mọ, ọmọ sì lè tìtorí ẹ̀tọ́ yìí dé kóòtù ẹbí. Èkó ṣe tiẹ̀ ní 2007, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tó kù náà sì ti ṣe tiwọn. Bàbá nìkan kọ́ ni òfin ń bá wí o. Bí ọmọ bá ń gbé lọ́dọ̀ bàbá, tí ìyá ń ṣiṣẹ́ tó ń gbowó, ìyá náà yóò dá sí i.

Ọmọ tí wọn ò ṣègbéyàwó bí ńkọ́? Ọmọ ni. Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi bí wọ́n ṣe bí èèyàn du èèyàn ní ohunkóhun. Bí ọkùnrin bá wá sọ pé ọmọ kọ́ ni tòun, òfin 2003 yẹn fún adájọ́ lágbára láti pàṣẹ àyẹ̀wò DNA. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó sọ ọ́ níwájú adájọ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kó máa sọ ọ́ kiri àdúgbò kò lè dí ẹjọ́ lọ́wọ́.

Kóòtù wo wá ni? Irú ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ṣe ló máa sọ. Bó bá jẹ́ alárédè, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá láti ilé ìforúkọsílẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fọwọ́ sí, ilé ẹjọ́ gíga ló lè tú u ká, ibẹ̀ náà lẹ ó ti béèrè owó ìtọ́jú. Òfin 1970 tó ń rí sí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ní kí adájọ́ wo ohun tí bàbá àti ìyá ní, iṣẹ́ tí kálukú lè ṣe, àti ìwà wọn. Ó tún jẹ́ kí owó náà lè máa lọ títí ọmọ yóò fi pé ọdún 21, yóò sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ bí ìdí pàtàkì bá wà. Bó bá jẹ́ ìdána nìkan lẹ ṣe, kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ ni, irú èyí tó wà ní Mápó n'Ìbàdàn. Ẹni tí kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì, kóòtù ẹbí lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ni tirẹ̀, ọdún 18 sì ni òfin yẹn ka ọmọdé sí.

Ó dáa. Èló? Ibí yìí lariwo wà.

Àwọn èèyàn wa tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ìjọba ibẹ̀ ní ọ́fíìsì kan, Child Maintenance Service, tó ń fi ìdá ṣírò rẹ̀. Fún ẹni tó ń gbowó oṣù tó mọníwọ̀n, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni fún ọmọ kan, 16 fún méjì, 19 fún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá sì ń sùn lọ́dọ̀ ẹni tó ń sanwó dáadáa láàárín ọdún, wọn á dín in kù fún un. Bí onítọ̀hún bá tún ń ṣagídí, wọ́n lè yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Nàìjíríà kò ní irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ bá kó síwájú adájọ́ ló máa fi dájọ́. Èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá kàn dé kóòtù tó ń sunkún pé "kò fún mi lówó oúnjẹ" lè kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú owó tí kò tó ra garí, nígbà tí ẹni tó kọ ìnáwó ọmọ sílẹ̀ yóò rí nǹkan gidi mú dání.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká sọ pé ọmọ kan ni wọ́n bí, ọmọ ọdún méje. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, bàbá rẹ̀ ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀. Oúnjẹ ọmọ lóṣù: ₦45,000. Kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e lọ gbé e bọ̀: ₦11,250. Aṣọ, irun, oògùn ibà àti àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́: ₦15,000. Owó iléèwé wá ńkọ́? Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe, torí wọn kì í ka owó iléèwé mọ́ ti oṣoṣù. Ó di oṣù kẹsàn-án kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. ₦75,000 ni wọ́n ń gba ní táàmù kan, táàmù mẹ́ta ló wà lọ́dún, ó di ₦225,000. Ẹ pín in sọ́nà méjìlá, ₦18,750 lóṣù. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ₦90,000.

Bí ohun tó ń wọlé fún bàbá bá jẹ́ ìlọ́po méjì ti ìyá, ẹ lè ní kí bàbá gbé ₦60,000, kí ìyá gbé ₦30,000. Òfin kò pàṣẹ pé kó rí bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ ó bá ọ̀rọ̀ "bí agbára bá ṣe mọ" mu, adájọ́ tó bá rí i yóò mọ̀ pé ẹ fọgbọ́n ṣe é. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tí ọmọ ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń jí lóru nígbà tí ara ọmọ bá gbóná. Ìyẹn kò sí nínú ìṣírò yìí rárá.

Ṣé dandan ni kóòtù? Rárá, mo tiẹ̀ máa ń sọ pé kó jẹ́ òun ló gbẹ̀yìn. L'Ékòó, Citizens' Mediation Centre wà láti 1999. Wọn á pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó, wọn á là yín níjà, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ra yín yé, wọn á kọ àdéhùn náà sílẹ̀, ẹ ó sì buwọ́ lù ú. Ìwé yẹn lágbára ju ìlérí tí wọ́n ṣe níwájú pásítọ̀ tàbí lémọ́ọ̀mù lọ, torí ẹ lè gbé e dé iwájú adájọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè wá OPD (Office of the Public Defender), ọ́fíìsì ìjọba tó ń báni gbẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́, lọ l'Ékòó, tàbí Legal Aid Council tí ìjọba àpapọ̀, níbikíbi tó bá wà ní Nàìjíríà. Àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà náà máa ń pe òbí tó bá sá.

Tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ńkọ́? Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò fún wọn láyè láti mú èèyàn nítorí gbèsè. Àmọ́ bí lílù bá wọ̀ ọ́, ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ owó, ẹ sáré débẹ̀.

Ohun kan wà tí ìyá àti bàbá jọ ń ṣe tí kò dáa. Ìyá á ní, "Kò sanwó, kò ní í rí ọmọ." Bàbá á ní, "Kò jẹ́ kí n rọ́mọ, mi ò ní í sanwó." Kóòtù kò so méjèèjì pọ̀. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó rí ọmọ rẹ̀, kó máa sanwó lọ, kó sì lọ béèrè àsìkò tí yóò máa rí ọmọ lọ́dọ̀ adájọ́. Ẹni tí wọn kò sanwó fún, kó lọ gba owó náà níbi tó yẹ, kó jẹ́ kí ọmọ máa lọ kí bàbá rẹ̀. A mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bàbá ló lọmọ. Àmọ́ nílé ẹjọ́ gíga, ohun tó máa ṣe ọmọ láǹfààní ni òfin ní kó ṣáájú ohun gbogbo.

Ẹ̀yin tó ń sanwó, ẹ yéé fún èèyàn ní kẹ́àṣì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ṣe tiransífà, kẹ́ ẹ kọ ohun tó wà fún sí i: "oúnjẹ oṣù kẹta". Owó iléèwé, ẹ san án sínú àkáǹtì iléèwé fúnra yín bó bá jẹ́ pé ọkàn yín ò balẹ̀, kẹ́ ẹ fi risíìtì ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù lẹ́yìn ọdún méjì, báǹkì ló máa jẹ́rìí yín.

Bí adájọ́ bá ti pàṣẹ tí ẹnìkan sì kọ̀ láti san, gbèsè kóòtù ló jẹ yẹn. Wọ́n lè gba owó náà nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì, wọ́n lè gbé ẹrù rẹ̀ tà, bí wọ́n bá sì rí i pé ó ní in lọ́wọ́ tó kàn ń dijú ni, ó lè dèrò ẹ̀wọ̀n. L'Abuja, òfin 2015 tó lòdì sí ìwà ipá tiẹ̀ ka kí èèyàn fi ọmọ sílẹ̀ láìsí ohun tí yóò jẹ sí ọ̀ràn: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́ta, tàbí owó ìtanràn tó lè tó ₦500,000, tàbí méjèèjì.

Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín ńkọ́, tàbí tí ọjà kò tà mọ́? Ẹ má paná fóònù. Ẹ padà sí kóòtù tó pàṣẹ, kẹ́ ẹ mú ìwé tí wọ́n fi dá yín dúró dání, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n dín in kù títí nǹkan yóò fi yí padà. Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ náà lè padà lọ ní kí wọ́n fi kún un bí owó iléèwé bá wọ́n sí i. Ṣùgbọ́n títí adájọ́ yóò fi yí i padà, iye tó wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀ ni gbèsè yín lóṣooṣù.